Mo Ń Sọ Pé "A Dúpẹ́" Nígbà Tí Inú Mi Ti Bẹ́

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage ní Òṣogbo, mo ń so apá mọ́ búláòsì oníbàárà kan, nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà lára mi. Ìrora náà kò wá pẹ̀lú ariwo. Ó kàn jókòó sí ìdodo mi, bí àlejò tó wọlé tí kò sì fẹ́ sọ ohun tó bá wá. Mo rò pé ẹ̀wà tí mo jẹ láàárọ̀ ni. Mo tú ìró mi, mo tún un ró kó má fún mi, mo mu omi gbígbóná, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kò wù mí mọ́, èébì ń gbé mi. Ìrora náà ti ṣí kúrò ní ìdodo, ó ti sọ̀kalẹ̀ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn mi, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí fi ọkàn sí bí ìrora yẹn ṣe ṣípò, torí àmì ńlá ni. Ìfun kékeré kan wà tó rọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá wa, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn. Ó dà bí ìka ọwọ́, ìdí rẹ̀ sì dí bí ìdí àpò. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní àpẹ́ńdíìsì. Bí nǹkan bá dí ẹnu rẹ̀, ó máa ń wú, ó sì máa ń gba ọyún. Ìdodo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ máa ń mọ ìrora rẹ̀, kó tó wá sọ̀kalẹ̀ sí ibi tó wà gan-an. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́. Bí wọn kò bá tètè yọ ọ́, ó lè bẹ́ sínú ikùn. Èmi kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú, ó wò mí, ó ní, "Ìyá Tólú, ṣé kò sí o? Ojú yín ti wọnú."

Mo ní, "A dúpẹ́."

Ó ní, "Mo ní ojú yín ti wọnú, ẹ ní a dúpẹ́."

Mo tún ní, "A dúpẹ́, jàre. Ọlọ́run ń ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹnu mi fi le bẹ́ẹ̀. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti di olóògbé ni mo ti fi ara mi sínú iṣẹ́ yẹn, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ mi: kí Kristẹni máa dúpẹ́, kó má ráhùn. Mo máa ń sọ ìtàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù fún wọn, bí ìráhùn ṣe sọ ìrìn kékeré di ìrìn ayérayé. Ọ̀rọ̀ náà dára. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n mo fi òfin sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ráhùn nínú ìpàdé wa, ì báà ṣe nípa ooru, ì báà ṣe nípa ọmọ tí kò gbọ́ràn, yóò jáde síwájú, yóò ka ohun mẹ́ta tí Ọlọ́run ṣe fún un, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn ìjọ mìíràn gbọ́, wọ́n sì ń pè mí kí n wá kọ́ àwọn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Kẹ́hìndé, tó ń dáko ní Ìwàrà lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wá bá wa ṣe ìkórè ní ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi kì í mú ọ̀rọ̀ mọ́ inú. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, yóò sọ. Bí oníwàásù bá pẹ́, yóò wo ojú fèrèsé, yóò sì mí kanlẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sáàárín àwọn ìyá, ó ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ṣé ẹ fẹ́ sè wá jẹ ni? Ṣé kò sí fáànù nílé Olúwa?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi síwájú. Òun ló dàgbà jù nínú ilé náà. Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè. Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè. Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó padà sí Ìwàrà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Nítorí náà, nígbà tí ikùn ń dùn mí, ta ni n ó wí fún? Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí kíláníìkì kan ní àdúgbò. Èrò pọ̀, a jókòó títí ìdí mi fi kú. Nígbà tó kàn mí, dókítà fi ọwọ́ tẹ ikùn mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Ó dùn mí dé eyín. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "A dúpẹ́, ó ti ń lọ." Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdáhùn kan náà ni mo fún un. Ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti skáànù, ó sì kìlọ̀ pé bí ó bá tún le sí i, kí n má ṣe sùn lé e. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn dókítà yẹn. Ara mi ń bá a sọ òtítọ́, ẹnu mi ń pè é ní irọ́, ẹnu mi ló sì gbọ́. Èmi kò ṣe skáànù náà, nítorí wọ́n ti pè mí sí Iléṣà ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e láti wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ẹ ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Mo wọ ọkọ̀ ní Old Garage láàárọ̀. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ náà bọ́ sí, inú ikùn mi ló ń bọ́ sí. Mo di àga iwájú mú, mo ń kọrin sínú. Kí a tó dé Iléṣà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀: ìrora náà ga títí mo fi rò pé n ó pariwo, lẹ́yìn náà ó tú. Ó tú bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó há. Mo mí. Òógùn tutù bò mí. Mo wolé, mo wòta, mo sì sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ti wò mí sàn lójú ọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí èyí ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ. Bí àpẹ́ńdíìsì bá bẹ́, ìrora lè rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tó wú tó sì fún pinpin ti tú. Ṣùgbọ́n ọyún inú rẹ̀ ti dà sí gbogbo ikùn, ibẹ̀ gan-an ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Èmi dúró síwájú àwọn ìyá ní Iléṣà pẹ̀lú ọyún nínú ikùn mi, mo jẹ́rìí pé ìrora tó ń dà mí láàmú ti lọ nítorí pé mo kọ̀ láti ráhùn. Wọ́n kígbe Halelúyà. Obìnrin kan sunkún. Títí di òní, bí mo bá rántí obìnrin yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwàrà ni mo fẹ́ sùn. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti ń gbọ̀n. Ó ń bó àgbàdo lójúde. Ó wò mí láti òkèèrè.

"Fúnmi, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n mi. A dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ó rẹ̀ ọ́, o wá ń gbọ̀n bí adìẹ tójò pa? Wá, jẹ́ n fọwọ́ kan ikùn tó o dì mú yẹn."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ̀ẹ́n. Ẹni tó ń dúpẹ́ nìyẹn." Ó ti dìde, ó ti ń ké sí ọlọ́kadà tó wà níwájú ilé kó lọ bá òun pe ọkọ̀. "Sáré o! Àbúrò mi fẹ́ fi ìwà pẹ̀lẹ́ kú sí mi lọ́rùn."

Ní ilé ìwòsàn ní Iléṣà, wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan. Dókítà ọ̀dọ́ kan wá, ó bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe rí, mo tún la ẹnu, mo ní, "A dúpẹ́, dókítà, kò fi bẹ́ẹ̀…"

"Irọ́ ló ń pa fún yín!" Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ síwájú. "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn. Kò jẹun láti àná, ó ń bì, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ikùn rẹ̀ le bí pátákó. Ó sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé ó ń dun òun láti ọjọ́ mélòó kan, pé ó dáwọ́ dúró lójijì lójú ọ̀nà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún òun. Ẹ dákun, irú àìsàn wo ló ń fẹ́ àtẹ́wọ́?"

Dókítà náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáwọ́ dúró lójijì?" Ó wo nọ́ọ̀sì, ó tún wò mí. "Màmá, ìgbà yẹn ló bẹ́."

Wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí wọ́n rí nínú mi ni wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo inú ikùn àti àwọn ìfun. Ọyún ti dà lé e, ó ti wú, ó sì ti pọ́n. Wọ́n gé àpẹ́ńdíìsì náà, wọ́n fọ inú ikùn mi léraléra, wọ́n sì fi róbà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí omi burúkú á máa gbà jáde. Nígbà tí mo jí, róbà mìíràn wà ní imú mi tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ikùn, dírípù wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi sì gbẹ bí èèpẹ̀. Wọn kò gbà kí n mu omi. Dókítà ní ìfun mi ti sùn nítorí ọyún tó kàn án. Oúnjẹ kò lè kọjá, omi kò lè kọjá, àfi bí ó bá jí. Ó ní àmì tí àwọn ń retí ni kí n só. Bí ó bá pẹ́ jù tí kò jí, wọ́n lè ní láti tún ikùn mi ṣí.

Mo rò pé mo ti mọ ìbẹ̀rù kí n tó gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ọpẹ́ ṣe tán lẹ́nu mi. Èmi alága, èmi olùkọ́ni. Òùngbẹ bá mi jà, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Ó fi òwú tútù nu ètè mi, mo ní ọwọ́ rẹ̀ le. Ó yí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ó fẹ́ já ojú abẹ mi. Ó lọ ra nǹkan jẹ lẹ́nu géètì, nígbà tó dé, mo ní òórùn ẹja tó jẹ ń yọ mí lẹ́nu, pé ṣé kò mọ̀ pé ebi ń pa èèyàn níbí ni. Àlájà kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ fún, ní, "Ìyá Tólú, ẹ rọra. Obìnrin yìí kò sùn o." Mo kọjú sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹní rẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Fèrèsé gíláàsì tó wà lókè orí mi kò ṣeé pa dé. Nígbà tí ojúmọ́ ń mọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló ń bá jà.

"Olúwa, orúnkún ń dùn mí. Sìmẹ́ǹtì yìí tutù, ẹ̀fọn ibí yìí kò lójú àánú. Àgbàdo mi wà lóko, ọ̀yà ń jẹ ẹ́, ìwọ náà ń wò ó. Àbúrò mi ń bú mi láti àná." Ó mí kanlẹ̀. "Mo dúpẹ́ pé ó ṣì lẹ́nu láti fi bú mi. Mo dúpẹ́ pé ó ṣẹ́jú nígbà tí mo pè é. Omi tó ń jáde nínú róbà yẹn ti mọ́ sí i, mo rí i, mo dúpẹ́. Jí ìfun rẹ̀ fún mi. Mi ò ní àbúrò mìíràn."

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omijé ń ṣàn sínú etí mi. Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọpẹ́ láti ọdún mélòó kan, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Obìnrin tí mo dójú tì láàárín ìjọ ń sọ ìrora rẹ̀ fún Ọlọ́run láìbò, ó sì ń ṣa ohun tó dára láàárín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́ tèmi kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan rí. Aṣọ àwọ̀sóde ni. Mo ń wọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìhòòhò mi.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ aginjù yẹn láti ìgbà náà. Àwọn èèyàn yẹn kò ṣẹ̀ nítorí pé wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n sọ pé Ẹni tó mú wọn jáde kò fẹ́ràn wọn, wọ́n sì kọjú ìjà sí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Èmi ti ṣe irú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Nígbà tó wọlé, mo pè é. Ohùn mi kò fẹ́ jáde nítorí róbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ má bínú."

Ó dúró. "Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Mo fi hàn án. N kò fi ẹ̀rín bò ó. Ó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fún mi ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ara rọ̀ mí díẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sùn lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ ṣeun fún àgbàdo yín."

"Ta ló sọ̀rọ̀ àgbàdo fún ọ?" Ó wo fèrèsé, ó wò mí. "O ń tẹ́tí sí àdúrà ẹlòmíràn! Ó dára. Ṣùgbọ́n má fi ọpẹ́ dí mi lẹ́nu, o gbọ́? Ọwọ́ ẹ le ju tèmi lọ."

N kò ní sọ fún yín pé ọpẹ́ mi ló jí ìfun mi. Mo ti jẹ́ ẹ̀rí èké lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Gbogbo ọjọ́ yẹn kọjá, kò sí nǹkan. Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ́tí sí inú ara sí ikùn mi, ó mi orí, ó lọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn aláàbẹ̀wò kún wọ́ọ̀dù, ikùn mi kùn bí ẹni tó jí lójú oorun, mo sì só. Kì í ṣe èyí tí èèyàn lè bò.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró. "Fúnmi, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

Ó kígbe! Ó dì mọ́ nọ́ọ̀sì. Àlájà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Alihamudulilahi! Ìyá Tólú, ẹ tún un ṣe!" Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, ojú abẹ ń fà mí, mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ róbà imú mi, wọ́n sì fún mi ní omi, ìwọ̀nba tó kún ìdérí ìgò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi ní adùn tirẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ojú abẹ mi gba kòkòrò, ó ṣí nísàlẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mí dé ìwọ̀n tí mo fi ń jẹ etí ìró mi. Ó pẹ́ kí n tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ní Iléṣà pé ẹ̀rí mi kì í ṣe òtítọ́, kí ẹnikẹ́ni tí nǹkan ń dùn lọ rí dókítà. Bóyá ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó sunkún yẹn, n kò mọ̀. Àìmọ̀ yẹn wà lọ́rùn mi, mo ń bá a gbé.

Ní báyìí, bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ tọ àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó nípọn, kò lẹ́wà. Mo máa ń dúpẹ́ fún ìfun, fún ìtọ̀, fún ebi tó ń pa mí lásìkò, àwọn ohun tí èmi ọ̀làjú kò lè dárúkọ nínú ìjọ tẹ́lẹ̀. Ara yìí bá mi sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́ kó máa yin Olúwa, ó sì dárí jì mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣì ń yan ọpẹ́ ju ìráhùn lọ. Ó nira ju ti àtijọ́ lọ, nítorí ó di dandan kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Láìpẹ́ yìí mo lọ sí Ìwàrà. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bí ara ṣe rí.

Ó ní, "A dúpẹ́."

Ó sọ ọ́ kúkúrú, kò sì wò mí. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi. Orúnkún rẹ̀ ti wú.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gbọ́."

Ó wá wò mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúnkún, ó bọ́ sí orí òjò, orí àwọn ọmọ tí kì í pè, orí ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ tó ń da omi ìdọ̀tí sójúde rẹ̀. Ó ráhùn títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Mo ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀, mo ń dá a lóhùn, n kò sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.